Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ wà ní Òkè-Ìlá, ta ló tì í mọ́ ìta kíláàsì?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ohun tí àwọn èèyàn pariwo lé lórí jù ni pé wọ́n dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù, àti pé ìtàn Nàìjíríà padà sí kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wa ò ka apá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀: gbígbé sólà sílé àti ìtọ́jú rẹ̀, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, ọ̀gbìn, àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà pẹ̀lú fóònù. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan nínú wọn.

Méjì nínú mẹ́fà yẹn, sólà àti fóònù, iṣẹ́ ẹlẹtirọ́níìkì ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé tí fóònù ò sí mọ́, sólà náà sì ti ń di ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè iye ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ náà?

Ẹni tó bá mọ àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì mọ̀ pé ojú títì ni ìdáhùn jókòó sí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré, tábìlì kan, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tí wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn wọn, èéfín lẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá kan tó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù, ọmọṣẹ́ méjì tí wọ́n dúró tì í. Bí ẹ ṣe ń rí i ní Òkè-Ìlá náà lẹ máa rí i ní Ajílòsun, ní Òkèṣà àti ní Basírí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń tún fóònù àti ínfátà gbogbo ìlú ṣe. Bí a bá sì ní ká mú ọ̀kan nínú wọn wọ kíláàsì lọ́la, òfin á ní ó tì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Mo gbà pé ìwé iṣẹ́ yìí ti kọ, owó ẹ̀ ń bẹ, olùkọ́ ẹ̀ náà ń bẹ. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ lè gbà wọ ilé ìwé, kí ẹni tó wà nílé ìwé náà sì lè gbà dé ibi iṣẹ́. Bí a ò bá la ọ̀nà yẹn, ètò ẹ̀kọ́ tuntun yìí á kú bí àwọn tó ṣíwájú ẹ̀ ṣe kú.

A ti ṣe eléyìí rí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní 1982, nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Introductory Technology. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni ẹ̀rọ yẹn dé tí kò síná, tí kò sí yàrá tí wọ́n máa gbé e sí, tí kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Inú páálí tí wọ́n fi kó o wá ló wà títí tó fi dípẹtà.

Ní 2011, ìjọba tún dé. Wọ́n kó iṣẹ́ 34 sínú ètò ẹ̀kọ́ girama àgbà. Àtúnṣe fóònù GSM wà níbẹ̀, àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìdánwò wọn nínú WAEC. Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ṣe WAEC láti bí ọdún mẹ́wàá síbí, kí lẹ mú nínú 34 yẹn? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ọ́ fún yín láìbi yín: Marketing, Data Processing, Animal Husbandry, Catering. Ìdí tí wọ́n fi mú ìwọ̀nyẹn fún yín ni pé olùkọ́ lè kọ́ wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti ìwé kan péré. Ta ló máa ra áyọ́ọ̀nù àti mítà fún ọmọ 40? Ta ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú àwọn olùkọ́ tó wà nílẹ̀?

Bí iṣẹ́ 34 ṣe di iṣẹ́ mẹ́rin nìyẹn. Ní báyìí tí wọ́n ti dín in kù sí mẹ́fà, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀: gbogbo ilé ìwé á sá lọ sídìí ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn, sólà àti fóònù á wà lórí ìwé.

Táyé lọ sí Pólì, Kẹ́hìndé lọ kọ́ṣẹ́

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ ká fi ìbejì kan ṣe àpẹẹrẹ. Òkè-Ìlá ni wọ́n dàgbà sí, àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn kí wọ́n máa tú rédíò.

Táyé ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ìṣirò àti físíìsì wà níbẹ̀. Ó wọ Federal Polytechnic tó wà lọ́nà Ìjàn, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977. Ọdún méjì ni ND, iṣẹ́ ìdánrawò oṣù mẹ́rin wà láàrin ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan níta, kó tó padà wá ṣe HND ọdún méjì. Bí ìyanṣẹ́lódì ò bá wọ̀ ọ́, ọdún márùn-ún nìyẹn. Táyé lè sọ ohun tí tìránsísítọ̀ ń ṣe, ó lè ya àwòrán bí iná ṣe ń gba inú bọ́ọ̀dù kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tó ti lọ ṣe iṣẹ́ ìdánrawò, fáìlì ni wọ́n ní kó máa gbé láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n sì ń rán an. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe IT rí mọ̀ pé mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ ni ITF ṣe dá ètò SIWES sílẹ̀ ní 1973. Àwọn agbanisíṣẹ́ ìgbà náà ló ń ké pé àwọn tó ń jáde nílé ìwé ò lè fọwọ́ ṣe nǹkan kan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, igbe kan náà la ṣì ń ké.

Kẹ́hìndé ò rí kírẹ́díìtì ìṣirò. Ní Èkìtì wa níbí, ibi tí wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀: "Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́." Bí ẹni pé ìjìyà ni iṣẹ́. Wọ́n mú un lọ bá ọ̀gá, ọdún mẹ́ta. Ọdún kìíní, ilẹ̀ gbígbá, ìránṣẹ́, dídi tọ́ọ̀ṣì mú. Ọdún kejì, ọ̀gá jẹ́ kó máa ṣí fóònù. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ó lè pààrọ̀ ojú fóònù kí ẹ tó jẹ ẹ̀bà tán. Ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, wọ́n gbé ọtí àti mínírà wá, ọ̀gá gbàdúrà fún un, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n lọ tẹ̀ ní ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n ya fọ́tò.

Ẹ wá gbé ínfátà kan tó ti jó fún àwọn méjèèjì. Kẹ́hìndé á ṣí i, láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti rí i pé MOSFET méjì ti jó. Ó yọ wọ́n, ó fi tuntun sí i, ó tàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún jó. Ó tún pààrọ̀ ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ni pé àwọn MOSFET yẹn kì í dá kú. Ohun kan ló ń pa wọ́n: bóyá ibi tó ń pàṣẹ fún wọn láti ṣí àti láti tì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tàbí kàpásítọ̀ kan ti gbẹ, tàbí fáànù tó ń tù wọ́n lára ti dúró. Táyé mọ gbogbo ìyẹn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́, ó lè ba bọ́ọ̀dù yẹn jẹ́ kó tó yọ MOSFET àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ ti ní oníṣẹ́ kan tó pé. Ìwé ẹ̀rí Kẹ́hìndé ò lè wọ Pólì, Pólì ò sì mọ ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Kẹ́hìndé. Ìrìn àdúgbò sí àdúgbò ló wà láàrin wọn.

Kí ló dé tó fi kàn wá báyìí?

Nígbà kan, bí ẹni tó ń tún rédíò ṣe bá ṣàṣìṣe, rédíò ò ní fọhùn, ìyẹn náà ló mọ. Nǹkan ti yí padà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ò ká mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ibo ni kí èèyàn sá sí? Sólà.

Báyìí, páńẹ́ẹ̀lì ń gorí òrùlé lójoojúmọ́, bátìrì lithium ń wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń gbé sólà mọ̀. Iná tó ń ti ọ̀pá NEPA wá, AC ni. Ìgbà 100 ló ń já sí òdo láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí bíréékà bá já, tí iná bá fẹ́ fò láàrin irin méjì, ó máa ń kú fúnra ẹ̀. Iná tó ń ti páńẹ́ẹ̀lì wá, DC ni, kì í já sí òdo rárá. Bí ẹ bá lọ fi bíréékà AC tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ títì sídìí wáyà páńẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ tó bá fẹ́ já, iná lè máa jó lọ láàrin irin méjèèjì títí tí bíréékà fúnra ẹ̀ á fi gbaná. Bíréékà DC wà lọ́tọ̀, ó sì wọ́n díẹ̀ jù ú lọ.

Ìmọ̀ inú ìwé nìyẹn, Táyé ti gbọ́ ọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ máa pè láti wá gbé sólà yín, torí òun lẹ mọ̀, òun ni owó ẹ̀ ò wọ́n. Ṣé ẹ ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ta ló kọ́ Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni?

Kí lòfin sọ?

Ìwé òfin ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ràn yín lọ́wọ́.

Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, sọ̀rọ̀ nípa ìkọ́ṣẹ́. Abala 49 ní òbí lè fi ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ, tí kò tíì tó 16, síbi iṣẹ́ fún àkókò tí kò ní ju ọdún márùn-ún lọ, bí ọmọ náà bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti ju 16 lọ lè fi ara ẹ̀ síbẹ̀. Abala 50 ló wá lágbára jù: ó ní àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láìsí ìyẹn, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mélòó nínú àwọn ọmọṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti pè mí sí ìjà ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀gá á ní ó ku ọdún kan, bàbá ọmọ á ní ọdún mẹ́ta ti pé. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà ni ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó mú ọmọ náà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ò sì rántí oṣù tó jẹ́ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ la máa ń fi parí ẹ̀. Ọmọṣẹ́ ò ní ohun tó lè gbé lọ sí kóòtù. Ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ sá lọ mọ́ lọ́wọ́ náà ò ní.

Abala 18 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ìjọba gbọ́dọ̀ gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lárugẹ. Ó dùn ún gbọ́. Abala 6(6)(c) ìwé kan náà sọ pé ilé ẹjọ́ ò lè dá ìjọba lẹ́jọ́ lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, èyí ju ohun tí lọ́yà lè gbà fún yín. Ìbò àti ẹnu wa ló kù.

A wá dé ìdí ilẹ̀kùn tí mo ní wọ́n tì. Òfin TRCN tó jáde ní 1993 ló sọ iṣẹ́ olùkọ́ di iṣẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún kó tó máa ṣe é. Kí wọ́n tó forúkọ yín sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, NCE ó kéré tán. Mi ò bá òfin yẹn jà, torí ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe fún wa lórí iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tó ti tún fóònù ṣe fún ogún ọdún ò lè kọ́ ọmọ JSS ní àtúnṣe fóònù, ẹni tí kò tíì ṣí fóònù rí láyé ẹ̀ sì lè kọ́ ọ, bó bá ṣáà ti ní NCE.

Ẹ tún wo ìyàtọ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ kan náà, ní 2025 kan náà, bẹ̀rẹ̀ ètò iṣẹ́ ọwọ́ kan tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níkà ọdún mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́dún kan, àti oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Master Craft Person. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ á máa gba ₦22,500 lóṣù. Nínú ètò yẹn, ìjọba gbà pé ọ̀gá ni ọ̀gá. Kí ló wá dé tí kò fi jẹ́ ọ̀gá mọ́ bó bá dé ẹnu géètì ilé ìwé girama?

Ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀

Ní Jámánì, òfin 1969 ló so ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ ẹlẹtirọ́níìkì á lo ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó fún un ní ìwé àdéhùn tó sì ń san owó fún un, ó sì ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì nílé ìwé. Ẹni tó ń kọ́ ọ níbi iṣẹ́ ti ṣe ìdánwò tó fi hàn pé ó lè kọ́ ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, community college ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Joliet, ìpínlẹ̀ Illinois, ní 1901. Ọdún méjì ni, ó sún mọ́ ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í béèrè àbájáde ìdánwò tó le kí wọ́n tó gbà yín wọlé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án sì lè lọ lálẹ́.

Ohun tí Kẹ́hìndé nílò gan-an nìyẹn: ibi tó lè lọ lálẹ́ tàbí ní Sátidé, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìdí tí MOSFET fi ń kú, láìní kó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ẹ má sì sọ pé àwọn òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Láti 2013 ni ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ètò kan tí NBTE ń bójú tó, NSQF lorúkọ ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ohun tó lè fọwọ́ ṣe, ibi yòówù kó ti kọ́ ọ. Ẹ ó ṣe iṣẹ́ níwájú ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹ ó kó ẹ̀rí ohun tí ẹ ti ṣe jọ, wọ́n á fi yín sí ìpele tó bá yín mu. Ọ̀gá kan lè tipa ẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí láì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ ọdún 15.

Owó ńkọ́? Ní 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù fún ètò tí wọ́n ń pè ní IDEAS, láti tún ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níkà ṣe àti láti ran ìkọ́ṣẹ́ ojú títì lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n mú: Abia, Benue, Edo, Gombe, Kano àti Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ ni, Èkìtì wa wà níbẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 36, a wà lára mẹ́fà. Ìpínlẹ̀ tó wà nípò yẹn ò yẹ kó máa wá ẹni tó máa kọ́ ọmọ ní àtúnṣe fóònù.

Àwọn tó máa ní ó tì

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Àkọ́kọ́, pé ọ̀gá ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, pé ẹlòmíì a máa lu ọmọṣẹ́, a sì máa sọ ọ́ di ẹrú ilé. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ọ̀gá dá wọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni kíláàsì, kí ọ̀gá tó ti gba ìwé ẹ̀rí NSQF wá máa fi iṣẹ́ hàn wọ́n bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì san owó fún un. Olùkọ́ á ṣọ́ ọmọ, ọ̀gá á kọ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá ṣe é báyẹn, ọ̀gá ò pe ara ẹ̀ ní olùkọ́, òfin TRCN ò sì ní ohun tó máa bá wọn fà.

Èkejì, pé àwọn ọ̀gá fúnra wọn ò ní gbà, torí bí ilé ìwé bá ń kọ́ iṣẹ́ náà, ta ló máa san owó ìkọ́ṣẹ́ fún wọn mọ́? Ìbẹ̀rù yẹn mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi ọdún mélòó kan rí iṣẹ́ yìí nílé ìwé ò ní di ọ̀gá nípa ìyẹn nìkan. Ó ṣì máa nílò ṣọ́ọ̀bù. Á kàn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ díẹ̀ lórí ni, kò ní jẹ́ ilẹ̀ gbígbá ló máa fi ọdún kan ṣe.

Ẹ̀kẹta, pé ìwé ni Èkìtì fi lókìkí, kí la fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ́jọ́ tí ínfátà ilé ẹ̀ bá kú.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Lọ́wọ́ ìjọba Èkìtì, ohun mẹ́ta péré. Kí wọ́n sọ fún wa ní gbangba iye ilé ìwé girama tó mú sólà tàbí fóònù nínú iṣẹ́ mẹ́fà yẹn, àti ẹni tó ń kọ́ wọn. Kí wọ́n lo apá ìkọ́ṣẹ́ tó wà nínú owó IDEAS láti fi gbé àwọn ọ̀gá Òkè-Ìlá, Ajílòsun àti àwọn àdúgbò tó kù gba ìdánwò NSQF. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì tẹ ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ olójú ewé kan jáde ní èdè Yorùbá, kí ọ̀gá àti òbí lè fọwọ́ sí i láìwá lọ́yà.

Lọ́wọ́ àwọn Pólì wa, ohun méjì. Kí wọ́n ṣí yàrá ẹ̀rọ wọn ní Sátidé fún àwọn ọmọṣẹ́. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ ND lè ṣe iṣẹ́ ìdánrawò ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ti gba ìwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́rin nídìí tábìlì àtúnṣe sàn ju oṣù mẹ́rin nídìí fáìlì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, tí ẹ sì ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ má dúró de ìjọba. Bí ẹ bá ń lọ bá ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ máa parí, iye owó, àti ohun tí ọ̀gá máa kọ́ yín sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tó bá bínú torí pé ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ ra mítà tiyín, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ náà, NABTEB ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí nílé ìwé, ẹ lè forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pólì, ẹ wá ọ̀gá kan mú nígbà ìsinmi. Ẹ mú ìmọ̀ yín lọ bá a, ẹ sì mú ọwọ́ òfìfo lọ. Ẹ máa rí i pé òun náà ní ìbéèrè tó fẹ́ bi yín.

Ọmọ tó wọ JSS1 ní ọdún tí ètò ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ á ṣe JSS3 ní 2028. Ní ọdún yẹn, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó mú nínú mẹ́fà, kí ẹ sì ní kó ṣí ẹ̀yìn fóònù yín wò. Ohun tó bá ṣe níwájú yín ni kí ẹ fi díwọ̀n ètò ẹ̀kọ́ náà.